Onímú, Ẹni Tó Ń Fi Imú Wọn Ìgbẹ́ Ẹṣin

Ọkọ àbúrò mi obìnrin ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Onímú ni gbogbo ènìyàn ń pè é, kì í sì í ṣe pé imú rẹ̀ tóbi ju ti ẹlòmíì lọ. Imú náà kéré, ó pẹlẹbẹ, bí ẹni pé wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú. Iṣẹ́ tó ń fi í ṣe ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ń tọ́jú ẹṣin ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní ẹṣin gígùn. Ìgbẹ́ tí àwọn ẹṣin náà bá yà, òun ló ń kó o jọ, òun ló ń yí i sókè yí i sódò títí yóò fi di ajílẹ̀ tó ń mú koríko àti òdòdó yọ bí ọmọ tó rí ọmú mu yó.

Èmi kò lọ sí ilé ìwé kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ tí n kò kà tán, títí kan èyí tí wọ́n fi di búrẹ́dì. Nítorí náà, ohun tí mo bá kọ síhìn-ín, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo wà, mo fi ojú mi rí i. Ibi tí n kò sí, wọ́n sọ fún mi. Ibi tí wọn kò sì sọ fún mi, mo mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí.

Ẹ̀yìn ilé ẹṣin ni òkìtì mẹ́ta wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bíríkì kan tí omi ti sọ di aláwọ̀ ewé. Onímú fún wọn ní orúkọ: Ìkókó, Ọ̀dọ́ àti Àgbà. Ìkókó ni èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi báárò tì jáde láàárọ̀, tòun ti koríko gbígbẹ tí ẹṣin sùn lé, tòun ti ìtọ̀ tó rin ín gbingbin. Ooru tó ń jáde lára Ìkókó lásìkò òtútù kì í ṣe kékeré. Mo ti rí ẹyẹ tó fò kọjá lókè rẹ̀ tó balẹ̀ sí òdìkejì ní sísè, ó ku iyọ̀. Àgbà ni èyí tó ti jinná: ó dúdú, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, ẹ kò ní rí ìgbẹ́ níbẹ̀ mọ́, ẹ kò ní rí koríko, ilẹ̀ ló ti dà.

Ọ̀dọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Ọ̀dọ́ jọ Àgbà lójú. Ó ti dúdú, ó ti ń fọ́, ó ti dé fìlà àgbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì ń hó. Ẹni tó bá da Ọ̀dọ́ sórí koríko, bí ìgbà tó da omi gbígbóná sí i ni.

Níbòmíràn, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ọ̀pá irin gígùn tí wọ́n ń tì bọ inú òkìtì. Wọ́n á fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bí irin bá gbóná, òkìtì kò tíì jinná nìyẹn. Onímú kò gba ti irin rárá.

"Ọ̀pá afọ́jú lẹ gbé dání yẹn," ló máa ń wí fún wọn. "Èmi, Ẹlẹ́dàá ti fún mi ní tèmi, àárín ojú ló fi í sí kó má baà sọnù."

Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti inú òkìtì, á gbé e sí imú, á di ojú, á sì dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà á sọ̀rọ̀. "Ó ku díẹ̀." Tàbí: "Ó ti dé." Bó bá ti ní ó ti dé, kí oníbáárò máa kó o lọ. Òórùn ìtọ̀ tó ń ta imú ni ti Ọ̀dọ́, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni ti Àgbà. Láàárín méjèèjì, òun nìkan ló mọ ibi tí ààlà wà. Wọ́n tún ní bó bá gbọ́ òórùn ìgbẹ́ kan, ó lè sọ ẹṣin tó yà á, ohun tí ẹṣin náà jẹ lánàá, àti bóyá inú rẹ̀ dùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ti inú dídùn yẹn níta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jiyàn.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ń gbé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, lókè téńté ilé alájà mẹ́ta. Omi ẹ̀rọ kì í gùn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn ún, wọ́n á sì gbé e gun àtẹ̀gùn tókùnkùn bò, tí irin ìdìmú rẹ̀ ti ṣí kúrò lára ògiri. Ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, ilé kì í sì í rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù. Ìyàwó ọmọ náà ló wà lọ́dọ̀ wọn nínú pálọ̀, ọmọbìnrin tínrín kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mò ń wí yìí, oyún ti hàn lára rẹ̀. Ó ń gbé omi gòkè pẹ̀lú ọwọ́ kan lẹ́yìn ìbàdí, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń dúró lókè àtẹ̀gùn tó ń ké pé, "Rọra, ìyàwó! Sinmi níbẹ̀ yẹn! Àbí o fẹ́ bímọ sórí àtẹ̀gùn ni?"

Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà láàárín ìgboro tí àwọn ènìyàn ti ń gbatẹ́gùn nírọ̀lẹ́. Pápá koríko ńlá ló wà níbẹ̀, ọ̀nà olókùúta funfun sì là á sí méjì. Àgbàlagbà tó ń tọ́jú rẹ̀ ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, koríko sì ti ń pá bí orí àgbà. Ẹnu géètì ọgbà náà ni ilé olùtọ́jú wà: yàrá méjì, ilé ìdáná, omi ẹ̀rọ nínú ilé, kò sì sí àtẹ̀gùn kankan. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà ló ni ilé náà. Àbúrò mi ti fi ojú wọn fèrèsé rẹ̀, ó ti mọ ibi tí ibùsùn ọmọ máa wà.

Obìnrin gíga kan tó jẹ́ alábòójútó ọgbà ló ní kọ́kọ́rọ́. Bàtà funfun ló máa ń wọ̀, ó sì máa ń rìn lórí koríko bí ẹni tí kò fẹ́ jí i lójú oorun. Màdámù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó pe Onímú.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kí ẹ mú," ló wí. "Mò ń rìnrìn àjò. Bí mo bá padà dé tí koríko ọ̀tún tutù yọ̀yọ̀ ju ti òsì lọ, ẹ kó ẹrù yín wá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú sí mi, ẹlòmíì wà tó ń dúró."

"Màdámù," Onímú dá a lóhùn, "koríko yẹn á tutù débi tí màlúù á máa kọ lẹ́tà sí yín pé àwọn fẹ́ wá gbé níbẹ̀."

Ó padà sílé, ó sì dùbúlẹ̀. Ibà ló kọ́kọ́ gbé e dè, ọ̀fìnkìn tẹ̀lé e, ọ̀fìnkìn tó jẹ́ pé bó bá sín lókè, ará ìsàlẹ̀ á ní "pẹ̀lẹ́ o". Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ohun gbogbo padà àyàfi imú. Afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jáde, kò mú ìròyìn kankan bọ̀. Ó gbé ọṣẹ sí i, kò gbọ́ nǹkan. Ó gbé kẹrosíìnì sí i, kò gbọ́ nǹkan. Ó bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀ tó ti ń wọ̀ látayébáyé, ó ti imú bọ inú rẹ̀ tòótòótọ́. Bàtà tó lè jí òkú, kò sọ ohunkóhun fún un.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni ẹni tó ń jẹ́ Onímú ṣe máa sọ pé òun ò ní imú mọ́, tí ilé wà lójú ọ̀nà? Ó rò pé á padà wá tó bá yá.

Mo wà lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan, tí mò ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú àbúrò mi. A ò tíì dé òkè àtẹ̀gùn tí òórùn ọbẹ̀ tó ń jóná fi pàdé wa. Àbúrò mi sáré wọlé. Ìkòkò wà lórí sítóòfù, ọkọ rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ẹ̀yin Bàbá wọn! Ọbẹ̀ ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ò gbọ́ òórùn ni?"

"Mo gbọ́ ọ," ló wí, kò gbójú sókè. "Mo rò pé ti ará ìsàlẹ̀ ni."

"Ará ìsàlẹ̀ ló wá ń jóná sínú ìkòkò mi?"

Ó ṣí ojú ewé míì. Èmi tí ojú mi mú bí abẹ́, mo ti fura láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀.

Ọjọ́ ń lọ, Màdámù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà dé. Àgbà ti tán. Àwọn ọlọ́gbà mìíràn ti kó o lọ, ó ku ìwọ̀nba díẹ̀ ní ìdí ògiri lábẹ́ tapólì. Ọ̀dọ́ ló kù. Ṣé ó ti di àgbà? Onímú bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e sí imú, ó di ojú. Ohun tó gbọ́ kò ju ohun tí òkúta ń gbọ́ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè bá a mọ ooru, torí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti yi bí ìsàlẹ̀ bàtà. Ó lè gbé ẹyin iná kó máa wá ibi tó máa jù ú sí. Ọ̀pá irin ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀kan nílé ẹṣin tí wọ́n fi ń ti géètì. Ó wò ó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ti gbọ́ bó ṣe ń fi ọ̀pá afọ́jú ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sán ni àbúrò mi gbé oúnjẹ wá fún un. Ó mú un lọ sí ẹ̀yìn, ó dá a dúró lẹ́bàá Ọ̀dọ́, ó sì dá ọgbọ́n kan tó lérò pé ó ga.

"Ìyá ọmọ mi, dúró síbí kí atẹ́gùn fẹ́ sí ẹ díẹ̀."

"Atẹ́gùn kí? Oúnjẹ yín ń tutù."

"Ibí yìí, ṣé ó ń rùn?"

Àbúrò mi fa afẹ́fẹ́ sínú. "Rárá o. Kí ló máa rùn níbí?"

"Ó dá ẹ lójú?"

"Mo ní kò rùn. Ẹ gba abọ́ yín."

Inú ọkùnrin náà dùn. Ó gba abọ́, kò sì tíì jẹ ẹ́ tó fi ké sí àwọn ọmọ iṣẹ́ pé, "Ẹ máa kó o! Ó ti dé!" Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni wọ́n kó Ọ̀dọ́ lọ sí ọgbà. Wọ́n fi ṣọ́bìrì fọ́n ọn sórí koríko ọ̀tún, wọ́n fi réèkì tẹ́ ẹ, ó sì nípọn, torí Onímú ní kí wọ́n má ṣahun.

Nígbà tó padà sílé nírọ̀lẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀ wà ní àtẹ̀gùn pẹ̀lú korobá omi. Bí Onímú ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin náà gbé korobá sílẹ̀, ó di irin mú, ó sì bì.

"Bàbá, ẹ má bínú," ló wí nígbà tó rí èémí mí. "Òórùn ìtọ̀ tó wà lára yín pọ̀ ju ti ìjẹrin lọ. Ó ń ta mí lójú."

"Oyún ló ń ṣe é," ìyá ọkọ rẹ̀ wí lókè. "Lánàá, ọṣẹ ló ń rùn sí i. Lónìí, Bàbá. Ọ̀la, á kan èmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì parí síbẹ̀.

Oòrùn mú bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Onímú lọ sí ọgbà lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Koríko òsì wà bó ṣe wà, tẹ́ẹ́rẹ́, tútù díẹ̀, ìpá níbí, ìpá lọ́hùn-ún. Koríko ọ̀tún ti pọ́n bíi bísíkíìtì. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń dún lábẹ́ bàtà rẹ̀. Wọ́n ní ó dúró lórí ọ̀nà olókùúta funfun láàárín méjèèjì fún ìgbà pípẹ́ débi pé ẹyẹ bà lé e, ẹyẹ náà sì ń wá ibi tó máa kọ́ ilé sí. Ó bu díẹ̀ nínú ajílẹ̀ náà, ó gbé e sí imú lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ohun tó yí padà.

Mo wà nílé wọn nígbà tó dé. Ó jókòó, kò bọ́ bàtà.

"Koríko ti jóná," ló wí.

Àbúrò mi gbé ọwọ́ kúrò nínú aṣọ tó ń fọ̀. "Ta ló dáná sí i?"

"Èmi ni. Ọ̀dọ́ ni mo dà síbẹ̀. Kò tíì dé." Ó yíjú sí i. "Ìwọ lo sì sọ fún mi pé kò rùn!"

"Èmi? Kí ló kàn mí nínú iṣẹ́ yín? Ṣé èmi ni mò ń jẹ́ Onímú?"

Nígbà náà ló tó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún jáde: ibà ti gbé imú òun lọ, òun ò gbọ́ òórùn ohunkóhun mọ́, òun sì fi tirẹ̀ rọ́pò lọ́jọ́ tó gbé oúnjẹ wá. Ìyàwó ọmọ wọn wà lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi pín pálọ̀, ó ń gbọ́.

Àbúrò mi jókòó sórí àpótí. Mo rò pé á sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ nínú.

"Ẹ̀yin Bàbá wọn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ yín, ẹṣin lẹ gbé wọ ilé mi. Ẹṣin wà lórí ìrọ̀rí, ẹṣin wà nínú aṣọ, ẹṣin wà nínú irun orí yín. Imú tèmi ti gbàgbé ẹṣin kí ọmọ wa tó hu eyín. Bí mo bá ń gbọ́ òórùn ẹṣin, ṣé mo máa bímọ fún yín ni? Mo ní kò rùn. Sí mi, kò rùn lóòótọ́!"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ló rí. Gbogbo ayé lẹ lè bi. Ẹni tí kò yẹ kẹ́ ẹ bi lẹ lọ bi."

 Ní ìsàlẹ̀, ẹnì kan ń pọn omi, a ń gbọ́ bó ṣe ń kún.

"Ẹ sọ fún Màdámù pé ajá ló ń tọ̀ síbẹ̀," àbúrò mi wí níkẹyìn. "Ìtọ̀ ajá máa ń jó koríko."

"Ajá tó lè tọ̀ tó ìdajì pápá," mo wí, "ẹṣin là ń pè é."

Ẹ̀yìn aṣọ ni ohùn ìyàwó ti wá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ìtọ̀ tí mo gbọ́ lára yín lọ́jọ́ yẹn, ṣé òun ni?"

Onímú gbé orí sókè. Ó wo aṣọ náà bí ẹni pé ògiri ló sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa lọ sí ẹ̀yìn ilé ẹṣin. Mo lọ pẹ̀lú, torí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í lọ dáadáa bí n kò bá sí níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ lára Ọ̀dọ́ tí wọn ò kó. Bí ìyàwó ṣe sún mọ́ ọn, ó fi aṣọ bo imú, ó yí padà, ó sì sá débi ilé ẹṣin, ẹṣin kan sì ń wò ó pẹ̀lú àánú. Onímú ṣí tapólì ní ìdí ògiri, níbi tí ìyókù Àgbà wà. Ọmọbìnrin náà rọra bọ̀. Ó dúró. Ó mú aṣọ kúrò nímú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti ikùn, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì di ojú bí bàbá ọkọ rẹ̀ ti máa ń dì í.

"Òjò," ló wí. "Ó ń rùn bí òjò. Bàbá, ó ń ṣe mí bíi kí n jẹ ẹ́."

"Má jẹ ẹ́ o!" ìyá ọkọ rẹ̀ ké.

"Mi ò ní jẹ ẹ́, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n mú díẹ̀ lọ sílé."

Ó dì í sínú áńkáṣíìfù. Láti ọjọ́ yẹn, bí òórùn ọṣẹ tàbí ti kẹrosíìnì bá fẹ́ bì í ṣubú lórí àtẹ̀gùn, áńkáṣíìfù náà ló ń gbé sí imú.  Onímú wo inú ọwọ́ tirẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

Kò tíì rí àyè tún nǹkan kan ṣe tí Màdámù fi dé. Wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ọgbà. Àbúrò mi ní òun ń bá a lọ, ìyàwó ní òun ò ní dá jókòó sílé, bí èmi náà ṣe bá wọn lọ nìyẹn. Onímú gbé korobá méjì dání, ó fi aṣọ bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Màdámù dúró lórí ọ̀nà olókùúta pẹ̀lú bàtà funfun rẹ̀. Kò rìn lórí koríko ọ̀tún. Kò sí ohun tó sùn níbẹ̀ mọ́.

"Onímú," ló wí, "kí ni mò ń wò yìí?"

Àbúrò mi là ẹnu. Mo mọ̀ pé ajá ló fẹ́ jáde níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ṣáájú.

"Màdámù, ajílẹ̀ tí mo dà síbẹ̀ kò tíì jinná. Imú mi ti kú láti ìgbà ibà, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé yẹn ni mo ń wò, ni mo fi dákẹ́."

Màdámù bi í pé, "Kò sí ọ̀pá irin nílé ẹṣin ni?"

"Ó wà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lò ó?"

"Mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, Màdámù. Ojú ń tì mí láti gbé e."

"Hùn." Ó yíjú sí ilé olùtọ́jú, lẹ́yìn náà ó yíjú sí wa. "Mo gbọ́ òótọ́. Òótọ́ kì í mú koríko hù. Bí mo bá tún fún yín láyè, ta ló máa sọ fún yín pé èyí tó ń bọ̀ ti jinná?"

Onímú nawọ́ sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń fẹ́ ara rẹ̀.

"Ọmọ yìí?"

"Ẹ dán an wò, Màdámù. Korobá méjì nìyí, èyí tó jinná nínú ọ̀kan, èyí tí kò jinná nínú èkejì, wọ́n jọra, ojú ò lè dá wọn mọ̀. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e fún un."

Màdámù jẹ́ ẹni tí kì í kọ ìdánwò. Ó gbé korobá àkọ́kọ́, ó ṣí aṣọ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ọmọbìnrin náà. Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kọ́ ló jáde. Bàtà funfun ọ̀tún ló gbà á.

"Yéè! Màdámù, ẹ má bínú!" Àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ń fi ìdí aṣọ rẹ̀ nu bàtà. "Ẹ foríjì wá, oyún ni, oyún ni!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," Màdámù wí. Kò sún ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ gbé ìkejì wá."

Wọ́n gbé ìkejì wá. Ọmọbìnrin náà ti ọwọ́ bọ ọ́, ó gbé e sí imú, èjìká rẹ̀ sì wálẹ̀ bí ti ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

"Òjò ni," ló wí.

Màdámù bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ òórùn korobá méjèèjì fúnra rẹ̀, àkọ́kọ́ mú un sín. Ó nàró. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀.

"Irinṣẹ́ tó ń bì síni lẹ́sẹ̀ kò lè parọ́," ló wí. "Ẹ fi réèkì kó gbogbo ohun tó wà lórí koríko yìí kúrò. Ẹ fi rọ́bà bomi rin ín títí omi á fi mu ún dé gbòǹgbò. Ẹ fọ́n èyí tó ń rùn bí òjò sí i, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí nǹkan kan bá hù, a óò tún sọ̀rọ̀. Bí ọmọ yìí bá sì bímọ, imú rẹ̀ á padà dà bíi ti gbogbo ènìyàn. Kí ni ẹ máa ṣe nígbà náà?"

Onímú fi ojú wá ilẹ̀. "Màá lo ọ̀pá irin, Màdámù."

"Kí n rí i lọ́wọ́ yín ni mo fẹ́."

Wọ́n rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e gba ojú ọ̀nà ńlá kọjá lójú gbogbo ènìyàn, láti ilé ẹṣin dé ọgbà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ rọra o, òkúta wà níwájú!" ọ̀kan ké.

"Ẹ jẹ́ n fà yín lọ́wọ́ sọdá títì!" èkejì wí.

 Àwọn ẹlẹ́nu kan ní ọ̀pá náà gùn tó òpó iná. Èmi ni mo wà nídìí ìyẹn náà. Wọ́n kó èyí tó jó koríko kúrò, wọ́n da omi sí i ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ìwọ̀nba Àgbà tó kù ni wọ́n fọ́n sí i, fẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sí oúnjẹ aláìsàn. Nǹkan kò hù. Àbúrò mi kò wo ọ̀nà ilé olùtọ́jú mọ́ bó bá ń kọjá. Ó máa ń gba òdìkejì títì. Ìyàwó ṣì ń gbé omi gun àtẹ̀gùn, ibi méjì ló sì ti ń sinmi lọ́nà báyìí, nítorí ikùn ti wúwo.

Òjò dé. Lẹ́yìn òjò kejì, wọ́n rí i tí nǹkan tútù yọ orí lábẹ́ bísíkíìtì. Gbòǹgbò kò kú. Lẹ́yìn òjò tó tẹ̀lé e, ọ̀tún àti òsì jọ ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀tún kọjá òsì, ó sì kọjá rẹ̀ débi pé àwọn tó wá gbatẹ́gùn kì í fẹ́ jókòó sí apá òsì mọ́. Èpò díẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Onímú kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ fà wọ́n tu.

Màdámù wá. Bàtà rẹ̀ jẹ́ tuntun, aláwọ̀ ilẹ̀. Ó rìn láti ìkángun dé ìkángun lórí koríko ọ̀tún, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí i. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Onímú, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọkùnrin náà fẹ́ gbà á. Màdámù fò ó kọjá, ó fi lé ìyàwó lọ́wọ́.

"Ìwọ lo gba iṣẹ́ yìí," ló wí. "Bàbá ọkọ rẹ á máa bá ẹ ṣe é."

Ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù, ọmọkùnrin wọn fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé e, ẹrù náà kò sì kún igun kan. Inú yàrá kejì ni wọ́n bí ọmọ náà sí, obìnrin, ohùn rẹ̀ ga tó fèrè ọkọ̀ ojú irin. Imú ìyá rẹ̀ sì padà dà bíi ti gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí Màdámù ti wí.

Mo lọ kí wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọ̀pá irin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ dúdú nítorí òkìtì tuntun. Fèrèsé ṣí. Níta, àwọn ènìyàn tó ń kọjá lórí ọ̀nà olókùúta ń dúró, wọ́n ń mí sínú, ọ̀kan ń wí fún èkejì pé, "Ìwọ náà gbọ́ òórùn ilẹ̀ yìí?" Wọn kì í pe ọkọ àbúrò mi ní Onímú mọ́, bí àjèjì bá sì ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀, ìyàwó nínú ilé ló máa ń nawọ́ sí.

Ó dúró nídìí fèrèsé. "Ìyá ọmọ mi," ló wí, "báwo ló ṣe ń rùn?"

"Ṣé èmi lẹ tún ń bi?" àbúrò mi dáhùn láti ilé ìdáná. "Ẹ ò tíì gbọ́n? Ẹ bi ìyàwó."

Ìyàwó wá síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ní èjìká. Ó mí sínú, ó ronú díẹ̀.

"Bí òjò, Bàbá."

Ọkùnrin náà mi orí.

"Ó ti dé," ló wí, ó sì ti fèrèsé nítorí ọmọ.